Òtítọ́ àti Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ méjì lélẹ̀ fún wa nípa bí ó ti yẹ kí ènìyàn máa lo ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì dàbí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èkejì wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Ọ̀kan ń kìlọ̀ fún wa pé kò sí ohun tí a lè bò mọ́lẹ̀ tí kì yóò hàn. Èkejì sì ń kọ́ wa pé kí a má ṣe máa tú gbogbo ohun tí a mọ̀ jáde tán. Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú kò gbà wá láàyè láti di ọ̀kan mú kí a sì jù èkejì nù. Òfin kẹsàn-án kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, nínú orí kẹrin ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù, so òtítọ́ pọ̀ mọ́ ìfẹ́ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá mú ọ̀kan láìmú èkejì kò tíì gbọ́ràn.

Ìbéèrè náà wá nìyí: nígbà tí òtítọ́ yóò dun ẹni tí a ó sọ ọ́ fún, kí ni Kristẹni yóò ṣe? A kò mú ìbéèrè yìí wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tán. A mú un wá nítorí ó bá wa nílé, a sì kùnà nínú rẹ̀.

Agége ni a ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ. Oko ni ilẹ̀ yìí nígbà kan rí. Nígbà tí a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ará Èkó ti ń gbin kòkó àti obì sí Agége. Ní 1907 ni àwọn olóko náà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, J. K. Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Lẹ́yìn 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ibẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọmọ àgbẹ̀ di òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá láti ilẹ̀ Yorùbá gbogbo àti láti òkèèrè, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì tọ́ ọmọ pẹ̀lú owó oṣù. Nígbà tí ó yá, púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Àwọn kan nínú ilé ẹrù wọn ṣófo, àwọn mìíràn sì ti di ilé ìsìn. Nínú irú àdúgbò báyìí, bí a bá bi ènìyàn pé, "Ẹnu iṣẹ́ ńkọ́?" kì í ṣe ìkíni lásán. Ó lè gún un lọ́kàn bí abẹ́rẹ́.

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa, ẹni jẹ́jẹ́, tí ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ náà dín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù, wọ́n sì fún un ní ìwé pé kí ó máa lọ. Kò lè sọ ọ́ fún aya rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò gba abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ aya rẹ̀, yóò sì jáde bí ẹni tí ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò sì máa wí fún un pé kò sí àyè. Owó díẹ̀ tí wọ́n kà lé e lọ́wọ́ nígbà tí ó ń lọ ni ó ń bù wá sílé ní ìparí oṣù, tí ó sì ń pè ní owó oṣù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, ó sì bẹ̀ wá kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. A ṣèlérí fún un.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí aya rẹ̀ fi dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Bàbá àwọn ọmọ mi kì í sùn lóru mọ́. Ṣé kò sí nǹkan níbi iṣẹ́ wọn?"

Àwa dáhùn pé, "Ìyàwó wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín dàrú. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wọn. Gbogbo rẹ̀ yóò dára."

Ní ọjọ́ náà a yin ara wa. A rò pé a ti pa àṣírí ọkọ mọ́, a kò sì pa irọ́ fún aya. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí a sọ tí adájọ́ lè dì mú kí ó sì pè é ní èké. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà dé inú obìnrin náà, kò di odidi òtítọ́. Odidi irọ́ ni ó dà. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́ ọkọ òun, olùkọ́ ìjọ yóò ti gbọ́, ojú rẹ̀ yóò sì ti yàtọ̀. Pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí a fún un, ó lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù láti fi kún ọjà rẹ̀, ó gbójú lé owó oṣù ọkọ rẹ̀ láti fi san án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ṣe onídùúró fún un. Ní oṣù kẹta, owó ọwọ́ ọkọ tán. Ọjà kò yá. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kò rí owó wọn gbà, ilé onídùúró ni wọ́n lọ, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí obìnrin náà fi ń jẹun.

Ìgbà náà ni ìyàwó wa tún wá bá wa. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ìtìjú ni ó mú ọkọ mi dákẹ́, mo sì ti dárí jì wọ́n. Kí ni ó mú ẹ̀yin dákẹ́?"

A kò rí ọ̀rọ̀ dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí, a kọ́ wa láti wàásù àti láti ṣírò owó ìjọ. A kò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa bí a ti ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn. Nígbà tí a ronú dáadáa, a rí i pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú wa dákẹ́. A fẹ́ kí ọkọ máa pè wá ní ẹni tí ó ń pa àṣírí mọ́, a sì fẹ́ kí aya máa pè wá ní olùtùnú. Orúkọ ara wa ni a ń tọ́jú. Inú rere wa kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn ni ó jẹ gbèsè rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣìṣe kékeré tí kò lè kọjá agbo ilé kan, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Agídíngbì, ní Ìkẹjà, níbi tí ilé iṣẹ́ Cadbury wà. John Cadbury ni ó bẹ̀rẹ̀ òwò náà ní ìlú Birmingham ní 1824. Ọmọ ìjọ àwọn Quaker ni. Àwọn Kristẹni wọ̀nyí kì í búra, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó ń búra kí a tó gbà á gbọ́ ti jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ òun ti ọjọ́ mìíràn lè jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òtítọ́ kì í ṣe ohun tí à ń jogún bí ilé. Ní ìparí 2006, ilé iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà kéde pé fún ọdún mélòó kan, ìwé ìṣirò owó rẹ̀ ti fi òwò náà hàn ju bí ó ti rí lọ, iye rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ. Méjì nínú àwọn olórí rẹ̀ kúrò ní ipò wọn, nígbà tí ó sì di 2008, àjọ ìjọba tí ń ṣe àbójútó ọjà ìpín ìdókòwò fi ìyà jẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní gbogbo ọdún tí ìròyìn náà fi dùn, inú ẹnikẹ́ni kò bàjẹ́. Ẹni tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ìpín ń yọ̀ pé òun gbọ́n. Ọjọ́ tí òtítọ́ dé ni iye ìpín náà wálẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni àtúnṣe sì tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àbùkù, ọjọ́ àtúnṣe ni ó ń sún síwájú.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fò lọ sí apá kejì, kí ó sì wí pé, "Láti òní lọ, ohun tí mo bá rí ni n ó máa sọ, ẹni tí ó bá dùn, kí ó máa dùn ún." Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń pe ẹnu mímú ní òtítọ́. Ìjọ tiwa ti rí irú èyí, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tètè san.

Gbogbo wa ni a mọ orúkọ Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a sì yà sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Ó wà lára àwọn tí ó fi Bíbélì sí èdè wa. Bí a bá ń ka òtítọ́ àti ìfẹ́ ní èdè Yorùbá lónìí, ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1890, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso owó Míṣọ́n Odò Ọya jókòó ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Àwọn míṣọ́nárì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kéré sí i púpọ̀ ní ọjọ́ orí, dìde níbẹ̀, wọ́n sì ka àbùkù àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni irọ́. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti kùnà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni díẹ̀ bo iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù wọn, títí kan ọmọ rẹ̀, Archdeacon Dandeson Crowther. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2014, nígbà tí ìyàsímímọ́ rẹ̀ pé àádọ́jọ ọdún, Justin Welby, tí ó jẹ́ Archbishop ti Canterbury nígbà náà, jẹ́wọ́ ní Canterbury pé Ìjọ ṣẹ̀ ẹ́, ó sì tọrọ àforíjì. Láti ìjókòó Onitsha dé ọjọ́ ìjẹ́wọ́ yẹn, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ni. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. A lè bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹyin náà padà sínú ìgbá.

A ti rí ẹni tí ó fi inú rere pa òtítọ́, a sì ti rí ẹni tí ó fi òtítọ́ pa inú rere. Ọ̀nà wo ni ó kù? A gbà pé òwe àwọn baba wa nípa àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó fi í hàn, bí a bá lè gbọ́ ọ parí. Nítorí òwe náà kò dúró sí ibi àbọ̀. Ó ní yóò di odidi. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí olùgbọ́ mọ gbogbo rẹ̀. Ó kàn fi àyè sílẹ̀ fún un kí ó lè fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀ láìsí ìtìjú. Ẹlẹ́tàn pẹ̀lú ń sọ àbọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí olùgbọ́ má ṣe mọ èyí tí ó kù. Ẹnu méjèèjì lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà dà nínú ẹni tí ó gbọ́ ọ ni a ó fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ wo Nátánì wòlíì nígbà tí a rán an sí Dáfídì. Kò wọlé kí ó sì bú ọba. Ìtàn ọkùnrin tálákà kan àti ọ̀dọ́ àgùntàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ, ó sì jẹ́ kí ọba fi ẹnu ara rẹ̀ dájọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì kò rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà, Nátánì kò kí i kí ó sì máa lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ èyí tí ó kù, lójúkojú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè kú nítorí rẹ̀. Ẹ sì wo Olúwa wa ní ẹ̀bá kànga Jékọ́bù. Ó mọ ìtàn ìgbéyàwó obìnrin ará Samáríà náà, ó sì sọ ọ́ fún un láìdín ọ̀kan kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti lọ ra oúnjẹ. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò fi ṣẹ̀sín. Kò lé e lọ lẹ́yìn tí ó sọ ọ́ tán, ó dúró bá a sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń sin Baba ní ẹ̀mí àti ní òtítọ́. Obìnrin náà kò sá. Ó lọ pe ará ìlú wá. Ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ òtítọ́ tí ó sì ní ìfẹ́ nínú, ẹni tí a sọ ọ́ fún a máa lè gbé orí sókè lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni à bá ti sọ fún ìyàwó wa? Àṣírí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti tú. Ṣùgbọ́n à bá ti lè wí pé, "Ìbéèrè yìí, ọkọ yín ni ó lè dáhùn rẹ̀, àwa kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní. Títí ẹ ó fi gbọ́ láti ẹnu wọn, ẹ má ṣe dáwọ́ lé ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ owó." Kò sí àṣírí kan nínú èyí tí ó tú, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ọlọ́gbọ́n yóò sọ ọ́ di odidi kí ó tó dé ilé. Kí ọjọ́ náà sì tó ṣú, à bá ti lọ bá ọkọ, kí a wí fún un pé, "Ẹ sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹ kò bá lè dá a sọ, a ó bá yín jókòó." Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó ṣòro jù, nítorí ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti gba ìdajì ẹrù náà sórí ara rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí a fi ń sá fún òtítọ́: kì í ṣe pé yóò dun ẹnìkejì wa nìkan, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn tí a bá sọ ọ́, a kò ní lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

A lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, a jẹ́wọ́ ipa tiwa fún un. Oṣù márùn-ún ni ó gbà wá, àwa àti àwọn ará díẹ̀, kí a tó lè rí owó tí a fi gba ẹ̀rọ ìránṣọ náà padà. Ọkọ ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà nísinsìnyí, aya rẹ̀ sì mọ iye tí ó ń mú wálé, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Wọ́n ṣì ń wá sí ìsìn. Aya náà ń kí wa dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò tíì bi wá ní ìbéèrè kan mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Nígbà tí ẹ bá jókòó ní ìparí sáà láti kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí, tí ọmọ kan sì wà níwájú yín tí ó ti dé kíláàsì kẹrin láìlè ka ojú ìwé kan, ó rọrùn láti kọ ọ́ pé ọmọ náà ń gbìyànjú. Baba rẹ̀ yóò kà á, inú rẹ̀ yóò dùn, ọdún kan mìíràn yóò sì ṣòfò. Ó tún rọrùn láti dá ọmọ náà dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí a sì pè é ní olódo. Kò sí èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú méjèèjì. Ẹ pe baba rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ọmọ náà dúró fún un láìfi nǹkan bò, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ̀yin fúnra yín yóò máa fi kọ́ ọ lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Bí a kò bá ní wákàtí náà láti fi sílẹ̀, òtítọ́ wa kò tíì pé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá ń ṣe ohun tí yóò bà á jẹ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ bá òun nìkan sọ ọ́, kí ẹ sì bá a rìn padà.

Àwọn àgbà wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní Agége wa yìí, níbi tí àwọn baba ti gbin obì kí ilé iṣẹ́ tó dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ rere tí òwe náà ń wí ni ọ̀rọ̀ tí ó dùn. Ṣùgbọ́n obì kì í dùn bí oyin. Ó korò díẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó jẹ ẹ́, síbẹ̀ òun ni a fi ń ṣe àlejò tí a fẹ́ràn, ẹni tí ó fún ni a sì máa jókòó bá ẹni tí ó gbà á jẹ ẹ́ pọ̀.